Ebi Ló Ń Pa Á

"Ẹ má mira o," ni onígbàjámọ̀ wí fún ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀, ó sì gbé abẹ sí ẹ̀yìn etí rẹ̀. Kó tó fà á báyìí ni nǹkan kan ké lábẹ́ ẹ̀wù onígbàjámọ̀. Píì, píì, píì.

Oníbàárà náà fò dìde tòun taṣọ ìbora lọ́rùn. "Kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan. Ẹ̀rọ mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ó ku díẹ̀."

"Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ wo ló ń ké níkùn èèyàn?"

Kí onígbàjámọ̀ tó ráyè dáhùn, ìyá rẹ̀ ti gbéra lórí àga tó máa ń jókòó sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ìyá yìí ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Tó bá jẹ́ pé àlejò ló dé, orúnkún á máa dùn ún, ẹ̀yìn á máa ro ó, kò ní lè dìde kí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn ké! Bó ṣe máa ń sáré dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ẹ ó rò pé ọlọ́mọge ni. Ó ti tú súìtì kan kúrò nínú bébà rẹ̀ kó tó dúró.

"Ya ẹnu," ló wí.

"Màmá, mo ní oníbàárà níwájú."

"Oníbàárà kọ́ ló máa gbé ọ lọ sílé ìwòsàn. Mo ní kó o ya ẹnu."

Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ya ẹnu bí ọmọ ẹyẹ, ìyá rẹ̀ sì ju súìtì náà sí i. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá wo gbogbo àwọn tó ń dúró de orí gígẹ̀, ó gbọn ọwọ́ nù bí ẹni tó parí iṣẹ́ ńlá. "Ẹ rí i bí? Ó ti yó."

Oníbàárà náà fúnra rẹ̀ ló tú aṣọ ìbora kúrò lọ́rùn. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun gbé omi kaná nílé. Ó ní òun ń bọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù pé kò bọ̀ mọ́, onígbàjámọ̀ náà sì mọ̀. Ó nu abẹ rẹ̀, ó dúró, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, kó má bàa rú yín lójú. Kókó kan ló hù sí ọkùnrin yìí nínú, lára ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, tí àwọn dókítà ń pè ní páńkíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa la ò mọ̀ pé a ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára, àfi lọ́jọ́ tó bá dà wá láàmú. Òun ló ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wa: tó bá pọ̀ jù, á fà á wálẹ̀, tó bá kéré jù, á tì í gòkè. Àwọn dókítà ní kí kókó náà má bàa di nǹkan mìíràn, àfi kí àwọn yọ gbogbo rẹ̀ pátápátá. Wọ́n yọ ọ́. Orí bá a ṣe é, kókó lọ, ẹ̀mí kù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ṣúgà ti ń fi onígbàjámọ̀ ṣeré bó ṣe wù ú. Àtọ̀gbẹ tirẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó máa ń rọra yọ́ wọlé. Tirẹ̀ á fò sókè láàárọ̀, á já lulẹ̀ lọ́sàn-án, kò sì ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa gún, ó sì ń gún un sí ikùn ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń gẹrun fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò kan tí ilé ìwé rẹ̀ kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti gẹ apá ọ̀tún tán, ó fẹ́ yí sí apá òsì, ni òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ariwo ta. Wọ́n gbé e, ó di ilé ìwòsàn. Olùkọ́ náà tẹ̀ lé wọn lọ, kò rántí orí ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì wo onígbàjámọ̀ tó sùn, wọ́n wo ọkùnrin tó fá ìdajì orí, wọ́n ní èwo gan-an ni aláìsàn nínú yín? Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ìwé ti gbọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe olùkọ́ ìṣirò ní Ìdajì. Ẹ̀yin náà, ẹ wò ó! Nínú gbogbo orúkọ tí èèyàn lè fún olùkọ́ ìṣirò!

Ìdajì kò bínú. Òun àti onígbàjámọ̀ ṣì jọ ń ṣàwàdà, ó máa ń juwọ́ sí i láti òdìkejì títì. Ṣùgbọ́n ní ti orí rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó ti wá ń dé fìlà nígbà gbogbo tó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ má bàa rí i pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló gẹ̀ ẹ́. Fìlà yẹn dun onígbàjámọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìgbà náà ni ilé ìwòsàn sọ pé àwọn ní ẹ̀rọ kan tí àwọn fẹ́ dán wò lára àwọn tí wọ́n ti yọ páńkíríà wọn. Kò tóbi ju fóònù lọ. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá, òun ló ń tẹ́tí sí ṣúgà, tó sì ń sọ fún ẹ̀rọ bó ṣe tó. Oògùn méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà, rọ́bà tín-ínrín méjì ló sì gbé wọn wọ inú awọ ikùn. Ọ̀kan ń fa ṣúgà wálẹ̀, èkejì ń tì í gòkè. Orúkọ tí àwọn òyìnbó sọ àwọn oògùn náà kò dùn lẹ́nu ìyá onígbàjámọ̀, nítorí náà, ó sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀: ó ní ọ̀kan ń jẹ́ Sọ̀kalẹ̀, èkejì ń jẹ́ Gòkè. Ẹ̀rọ náà ló ń dá ronú, òun ló ń pinnu ẹni tó máa rán níṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Èèyàn ò ní gún abẹ́rẹ́, èèyàn ò ní ṣírò. Ẹ ò rí i pé ohun àrà ni?

Lọ́jọ́ tí wọ́n dè é mọ́ onígbàjámọ̀ nídìí, oògùn oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgò, ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. Ìyá rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì fi gbogbo nǹkan hàn. Nígbà tí wọ́n délé, ìyá jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí báàgì tí wọ́n gbé fún un, ó mú pálí súìtì kan jáde. "Nọ́ọ̀sì ní tó bá ti ké, ebi ló ń pa á," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Ó ní kí n tètè fún un lóúnjẹ, oúnjẹ náà wà nínú báàgì." Wáyà kan wà nínú báàgì ọ̀hún pẹ̀lú. Èyí ni onígbàjámọ̀ máa ń fi fún ẹ̀rọ níná tó bá fẹ́ sùn, bó ṣe ń ṣe fún fóònù rẹ̀, tó bá rántí.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ àrà kò ṣe iṣẹ́ àrà. Ṣúgà ń fò, ṣúgà ń já. Dókítà wò ó títí, ó ní bóyá kò bá ara rẹ̀ mu. Ó ní tó bá tún rí báyìí nígbà tí wọ́n bá padà wá, àwọn máa yọ ọ́, nítorí àwọn mìíràn ń retí rẹ̀. Ọ̀la ni ọjọ́ tí wọ́n máa padà lọ. Ìdí nìyẹn tí onígbàjámọ̀ fi dúró níwájú dígí tó ń wo ara rẹ̀. Tí wọ́n bá yọ ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ ló kù. Tó bá di abẹ́rẹ́, ọwọ́ á tún máa gbọ̀n. Ta ni yóò fi ọrùn ara rẹ̀ sábẹ́ abẹ onígbàjámọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n? Á ti ṣọ́ọ̀bù pa ni. Kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn láyé ńbí.

"Má ronú," ni ìyá rẹ̀ wí láti orí àga. "Mò ń ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n ṣe. Kò sí èyí tí mo gbàgbé rí."

"Mo mọ̀, Màmá."

Ọkàn rẹ̀ pòrúurùu débi pé, nígbà tó fẹ́ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, kò rántí wáyà rárá.

Ìyàwó rẹ̀ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó bá wọn ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn láàárọ̀. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀, ó gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibà ọmọdé.

"Ẹ sùn dáadáa, Dádì?"

"Mo gbìyànjú."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú dókítà. Obìnrin ni dókítà náà, ó sanra díẹ̀, ó ní awò ojú tó máa ń yọ́ sí ṣóńṣó imú rẹ̀. Ó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo ìlà tó ń lọ sókè sódò lójú rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Ní Sátidé, ó dára. Ní Sọ́ńdè, ó dára gan-an, àwa tá a ní páńkíríà gan-an, a ò lè ṣe jù báyìí lọ. Láti Mọ́ńdè, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Bó ṣe ń gùn ún ni ẹ̀rọ ń fà á wálẹ̀, nígbà tó bá sì wálẹ̀ jù, á tún máa tì í gòkè. Ó kàn ń jà kiri ni. Kí lẹ̀ ń jẹ láàárín ọ̀sẹ̀?"

"Ohun tí ẹ ní kí n jẹ ni, Dókítà," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Mo búra fún yín. Ohun tí ẹ̀yin ní kí wọ́n fún mi nìkan ni."

Dókítà ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Ta ló ń wà lọ́dọ̀ yín ní ìparí ọ̀sẹ̀?"

"Ìyàwó mi."

"Àárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́?"

Onígbàjámọ̀ yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wolẹ̀. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìyá ti dìde.

"Èmi ni," ló wí. "Ẹ sọ ọ́ jáde, ẹ má fi sábẹ́ ahọ́n. Ọwọ́ ìyàwó dára, ọwọ́ ìyá kò dára. Èmi tí mo bí i, èmi ni mò ń pa á."

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó wí.

"Ìwọ má dá sí i! Ẹ̀rọ ti sọ ọ́. Ẹ̀rọ kì í purọ́, àbí?" Ó jókòó padà, ó fa ìborùn rẹ̀ bojú. "Tó bá jẹ́ èmi ni, kí wọ́n wá ibòmíràn fún mi. Mi ò ní fi ọwọ́ ara mi sin ọmọ mi."

Àánú ìyá rẹ̀ ṣe onígbàjámọ̀ débi pé ó gbàgbé ẹ̀rọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Dókítà náà bẹ ìyá, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, ara kan wà tí kì í gba ẹ̀rọ, kó fọkàn balẹ̀. Ó ní òun ń lọ múra abẹ́rẹ́ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì yóò wá yọ ẹ̀rọ náà. Ó bá jáde.

Kí n má purọ́ fún yín, nǹkan kan wà tí onígbàjámọ̀ mọ̀ tí kò sọ. Ó mọ̀ pé ní ìparí ọ̀sẹ̀, tí ẹ̀rọ bá ké, ìyàwó òun kì í fún òun ní súìtì. Obìnrin náà á wo ojú ẹ̀rọ, á ki wáyà bọ̀ ọ́, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Onígbàjámọ̀ rò pé ìyàwó òun gbàgbé ni. Tó bá wá lọ sọ ọ́ létí ìyá rẹ̀ pé ìyàwó kì í fún òun ní súìtì, ogun dé nìyẹn. Tó bá sọ fún ìyàwó pé kó máa fún òun bíi ti Màmá, ogun náà ni. Ọkùnrin tó wà láàárín ìyá àti ìyàwó mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ó sì dákẹ́.

Nọ́ọ̀sì wọlé. Ọmọbìnrin náà kò tíì lè pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Òun náà ló kọ́ ìyá ní bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá, ó kí tọkọtaya, ó sì fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tó rí ojú wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló wí fún onígbàjámọ̀. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u."

Bó ṣe na ọwọ́ sí àpò ẹ̀rọ nídìí rẹ̀ báyìí ni ẹ̀rọ ké. Píì, píì, píì.

Ìyá tó ń sunkún lábẹ́ ìborùn fò dìde. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó tú súìtì, ó ní "Ya ẹnu," onígbàjámọ̀ sì ya ẹnu, súìtì wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ìyá jókòó, ó tún fa ìborùn rẹ̀ bojú, ó ń bá ẹkún rẹ̀ lọ.

Ẹnu nọ́ọ̀sì kò lè pa dé. "Mà! Kí lẹ fún wọn?"

"Súìtì ni."

"Nítorí kí ni?"

Ìyá ṣí ìborùn. Ó wo ọmọbìnrin náà láti òkè délẹ̀. "Ò ń bi mí? Ìwọ tó o kọ́ mi? Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé tó bá ti ké, ebi ló ń pa á, kí n tètè fún un lóúnjẹ?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mà, ṣùgbọ́n..."

"O ò sì sọ pé oúnjẹ rẹ̀ wà nínú báàgì?"

"Mo sọ ọ́, mà."

"Ó dára. Mo ṣí báàgì, mo bá súìtì. Láti ọjọ́ náà, kò ké rí kí n má fún un. Bí mo bá sì ti fún un, á dákẹ́. Kí lo tún fẹ́ kí n ṣe?"

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé orí. Ó wo onígbàjámọ̀, tí súìtì ṣì gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè. "Sà, ẹ̀yin náà ò sọ fún wa?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa fún mi," ni onígbàjámọ̀ wí tòun ti súìtì lẹ́nu. "Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

"Mo máa ń rí súìtì náà nínú báàgì," ni ìyàwó rẹ̀ wí jẹ́jẹ́. "Mo rò pé Màmá ló ń jẹ ẹ́."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ síwájú ìyá. Ó rọra mú wáyà jáde nínú báàgì, ó gbé e sí ọwọ́ rẹ̀. "Oúnjẹ tí mo wí rèé, mà. Iná ni ẹ̀rọ ń jẹ. Bátìrì rẹ̀ ló máa ń lọ sílẹ̀ tó fi ń ké. Ó máa ń ké lẹ́ẹ̀mẹta, á sì sinmi, yálà ẹ fún ẹnikẹ́ni ní súìtì tàbí ẹ ò fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ṣúgà bá já lulẹ̀ jù tí oògùn kò sì ká a mọ́, igbe mìíràn ni yóò ké, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Nítorí ọjọ́ yẹn nìkan la ṣe fi súìtì síbẹ̀. Ẹ̀rọ ni mo ní ebi ń pa, mà."

"O ò pe ẹ̀rọ. O ní 'ó'. O ní ó ń ké."

"Mà, ẹ dákun, ẹ gbọ́ mi." Ọmọbìnrin náà tọ́ka sí onígbàjámọ̀. "Bàbá mi kò tíì dàgbà tó wọn. Ṣé ẹnu mi lè gbà á kí n dúró níwájú yín kí n máa pè wọ́n ní 'ó'? Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ wọn fún yín, báwo ni mo ṣe máa ń sọ ọ́?"

Ìyá ronú. Ó wo òkè ilé, ètè rẹ̀ ń mira. "O máa ń sọ pé wọ́n. Ṣé wọ́n ti sùn. Ṣé wọ́n ti lo oògùn."

"Ẹ ṣé, mà. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé mo sọ pé tí wọ́n bá ké, àbí tó bá ké?"

Ìyá wo wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ọmọ rẹ̀.

Ẹ má bínú o, èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí náà, 'ó' ni mo ti ń pe ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀, tó bá gbọ́, mo gbé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, tí a fi ń pe èèyàn, tí a fi ń pe ẹran, tí a fi ń pe ìkòkò tó wà lórí iná, òun ló fẹ́ gba ẹ̀rọ lára ọkùnrin yìí.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí fún nọ́ọ̀sì nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. "O ò jẹ̀bi. Òun nìkan ni mo bí. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e jáde, tí ẹnikẹ́ni bá ti ní 'ó sunkún', 'ó ṣubú', 'ebi ń pa á', òun nìkan ni etí mi máa ń gbọ́. Mi ò mọ̀ pé 'ó' mìíràn ti wọ inú ilé mi."

Ìyàwó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ yìí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú, ó lọ dì mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n jọ ń nu ojú. Onígbàjámọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, súìtì há a lọ́fun, ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn. Ariwo yìí ni dókítà gbọ́ tó fi sáré wọlé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí mà gbìyànjú o," ló wí. "Màmá ń da ṣúgà sí i, òun ń kó o kúrò. Kò sí ìgbà tí wọn kì í jà. Ẹ wo bó ṣe ń rọ́jú!" Ó gbé abẹ́rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kò sẹ́ni tó máa yọ nǹkan kan. Ẹ máa gbé e lọ sílé. Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣì máa tọ́jú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ o, mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí kò gbàgbé súìtì lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé wáyà."

Ìyá ká wáyà náà jọ, ó sì fi í sínú àyà rẹ̀ bí ẹni tó fi nǹkan iyebíye pamọ́.

Lóòótọ́ lóòótọ́, ṣúgà gbọ́ràn. Mọ́ńdè bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi Sọ́ńdè. Onígbàjámọ̀ ń sùn, ó ń jí, òógùn òjijì kò bò ó mọ́. Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń pè é lórí fóònù nígbà gbogbo láti ibi iṣẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè, ti wá ń pè é láti bi í ohun tó fẹ́ kí òun rà bọ̀. Ara tu gbogbo wọn. Súìtì tó kù nínú pálí, ìyá ló ń jẹ ẹ́, ó ní kò yẹ kó ṣòfò.

Ó wá ku fìlà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fìlà náà dúró ní òdìkejì títì. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá. Ìdajì wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí fìlà. Irun rẹ̀ ti kún, ó ti hù bo etí. Ó hàn gbangba pé ó ti pẹ́ tó ti kúrò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn yẹn, tó ń wá ọgbọ́n tó fi máa padà wá.

"Wọ́n ní ọwọ́ ti balẹ̀," ló wí.

"Ẹ jókòó, ẹ wò ó fúnra yín," ni onígbàjámọ̀ wí.

"Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń retí mi lọ́la o. Tí mo bá tún lọ bíi ti ìjelòó, wọ́n á sọ pé mo ti di ìdá mẹ́rin."

Onígbàjámọ̀ da aṣọ bò ó. Ó fi ẹ̀rọ ìgẹrun gẹ apá ọ̀tún, ó yí sí apá òsì. Ó rí i pé Ìdajì di ojú pọ̀ nígbà tí wọ́n yí sí apá òsì, ó sì di apá àga mú gírígírí. Gẹgẹrẹ gẹgẹrẹ, apá òsì parí. Ó mú abẹ, ó gbé e sẹ́yìn etí ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Píì, píì, píì.

Ìdajì tún di apá àga mú. Abẹ dúró jẹ́ẹ́ níbi tó wà. Lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìyá gbéra, orúnkún rẹ̀ dákẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó fa wáyà yọ láyà rẹ̀, ó ki orí kan bọ ara ògiri, ó gbé orí kejì gba abẹ́ ẹ̀wù ọmọ rẹ̀ lọ.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, olùkọ́," ló wí. "Wọ́n ti jẹun. 'Ó' ni ebi ń pa."

Onígbàjámọ̀ yíjú sí i. Látìgbà tí wọ́n ti bí i, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. "Màmá, èmi lẹ̀ ń pè ní wọ́n?"

"Kí ló dé? Ṣé o tún fẹ́ kí n ṣì í mú ni?" Ìyá padà sórí àga rẹ̀, ó tú súìtì kan, ó jù ú sẹ́nu ara rẹ̀. "Ṣọ́ọ̀bù yìí nìkan sì ni o. Tá a bá ti délé, 'ó' lo máa jẹ́."

Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín, ó gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tòun ti wáyà nídìí bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ó fa abẹ wálẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

"Ibo lẹ bá a dé?" ni Ìdajì béèrè, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

"Ẹ lajú," ni onígbàjámọ̀ wí. "A ti kọjá ìdajì."